Yíìsì: ohun tó ń jẹ, bó ṣe ń bí sí i, àti ìdí tí búrẹ́dì fi ń kọ̀ tí kì í wú

Tí búrẹ́dì bá kọ̀ tí kò wú, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé kí wọ́n fi kún yíìsì lọ́jọ́ kejì. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìyẹn tún un ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi ló gbóná jù, tàbí ṣúgà ló pọ̀ jù, tàbí kó jẹ́ pé láti oṣù méjì sẹ́yìn ni páálí yíìsì ti wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Yíìsì kò dà bíi béékìn páúdà. Ohun ẹlẹ́mìí ni: ó ń jẹun, ó ń bímọ, ooru lè pa á, iyọ̀ lè gbẹ ẹ́. Nítorí náà, kí a tó wọn gíráàmù kankan, ẹ jẹ́ ká mọ irú ẹ̀dá tó jẹ́.

Kí ni yíìsì gan-an?

Ìwúkàrà ni Bíbélì Yorùbá pè é. Lọ́jà, yíìsì ni. Mọ̀lẹ́bí olú ni, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni odindi ara rẹ̀, ó sì kéré débi pé tí ẹ bá to ọgọ́rùn-ún wọn sórí ìlà, ìlà náà lè má ju mìlímítà 1 lọ. Nínú gíráàmù 1 yíìsì gbígbẹ, sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ ju bílíọ̀nù 10 lọ. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un ni Saccharomyces cerevisiae. “Olú ṣúgà” ni ìtumọ̀ apá àkọ́kọ́. Theodor Schwann ará Jámánì ti sọ ní 1837 pé ohun ẹlẹ́mìí ni, ṣùgbọ́n àwọn gbajúmọ̀ onímọ̀ kẹ́míkà ìgbà náà kò gbà á gbọ́. Iṣẹ́ tí Louis Pasteur bẹ̀rẹ̀ ní 1857 ló fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀.

Ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀. Tí ó bá jẹ ẹ́ tán níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó, nǹkan méjì ló ń tú jáde: ọtí, àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní carbon dioxide. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú agbè ẹmu àti nínú abọ́ ìyẹ̀fun, ìyẹn fúláwà tí a ti fi omi pò. Nínú ẹmu, afẹ́fẹ́ náà ló ń hó lórí tó sì ń bá ibẹ̀ lọ, ọtí ló ṣẹ́kù fún wa. Nínú búrẹ́dì, ìyẹ̀fun tó ń fà bíi rọ́bà há afẹ́fẹ́ náà mọ́ inú, òun ló sì ń mú un wú. Ọtí inú rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń bá ooru lọ nígbà tí a bá ń yan án.

Ẹni tó pò fúláwà láìfi ṣúgà sí i lè béèrè pé kí ni yíìsì fẹ́ jẹ. Fúláwà fúnra rẹ̀ ní ṣúgà díẹ̀ nínú, èròjà kan tó wà nínú ọkà àlìkámà sì ń sọ lára sítáàṣì rẹ̀ di ṣúgà díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí omi bá ti kàn án. Ìdí nìyẹn tí búrẹ́dì tí kò ní ṣúgà rárá fi ń wú dáadáa. Ṣúgà tí à ń fi sí i, adùn àti àwọ̀ ẹ̀yìn búrẹ́dì ló wà fún ju yíìsì lọ.

Báwo ló ṣe ń bímọ?

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ni yíìsì ṣe ń bí sí i. Kókó kékeré kan á yọ lára sẹ́ẹ̀lì, á máa tóbi, á já kúrò, á sì di ẹni ara rẹ̀. Àpá á wà lára ìyá níbi tí ọmọ ti já. Tí oúnjẹ bá tó, tí omi àti afẹ́fẹ́ wà, tí ooru sì wà ní nǹkan bíi 30 °C, ìṣẹ́jú 90 tó fún sẹ́ẹ̀lì kan láti di méjì. Ní wákàtí 9, ẹyọ kan ti di 64.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ nìyí. Ìyẹ̀fun tí ẹ fi gíráàmù 10 yíìsì pò, tí ẹ sì yan láàárín wákàtí 2 tàbí 3, yíìsì inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ bímọ. Àwọn tí ẹ dà sí i gan-an ló ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Tí ẹ bá fẹ́ kí ó bímọ fún yín, ẹ fi díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fún un ní àkókò. Nítorí náà, yíìsì tí kò tó kì í ba búrẹ́dì jẹ́, bí ẹ bá lè dúró dè é. Yíìsì tó pọ̀ jù ló ń bà á jẹ́: á jẹ ṣúgà inú ìyẹ̀fun tán kíákíá, búrẹ́dì á máa rùn bí ọtí, àwọ̀ rẹ̀ á funfun, kò sì ní pẹ́ gbẹ.

Ooru ni ọ̀gá rẹ̀. Ní 4 °C, nínú fíríìjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn tán, ṣùgbọ́n kò kú. Láàárín 15 sí 20 °C, ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Láti 25 sí 32 °C ni ara ti ń tù ú jù. Láti ibẹ̀ lọ sí 38 °C, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde ń yára gan-an, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun ń tètè kan, ó sì ń rọ̀ jù lọ́wọ́. Tí ó bá ti kọjá 45 °C, ó ti ń jìyà. Ní 55 sí 60 °C, ó kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Omi tí ọwọ́ yín kò lè gbà fún ìṣẹ́jú kan, ẹ má da yíìsì sí i.

Èwo ni kí a rà?

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Yíìsì tútù máa ń wà ní bíríkì rírọ̀, omi ló pọ̀ jù lára rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta péré ló ń lò nínú fíríìjì. A kì í sábà rí i lọ́jà wa. Èkejì ni yíìsì gbígbẹ oníhóró ńlá, tí wọ́n ń pè ní active dry, tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rẹ nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀kẹta ni instant, tó rí wẹ́wẹ́ bí iyanrìn. Òun ló kún ọjà Nàìjíríà, nínú sáṣẹ́ẹ̀tì tàbí nínú páálí gíráàmù 500 tó le bíi bíríkì nítorí pé wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹ lè da instant sínú fúláwà tààrà.

Tí ìwé ìdáná bá dárúkọ èyí tí ẹ kò ní, gíráàmù 10 instant dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bíi gíráàmù 13 active dry tàbí gíráàmù 30 yíìsì tútù. Ṣíbí tíì 1 tó kún gẹ́gẹ́ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 3.

Ẹ tún wo ara páálí dáadáa. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe ti ìyẹ̀fun aládùn lọ́tọ̀, wọ́n sì máa ń kọ “high sugar” sí i. Ti Saf-instant, páálí aláwọ̀ wúrà ni ti aládùn, pupa ni ti èyí tí ṣúgà rẹ̀ kò pọ̀. Búrẹ́dì tí àwa Yorùbá fẹ́ràn, àgégé ni o, ti ilé ni o, ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń fi yíìsì “low sugar” ṣe é ń fi ìyà jẹ ara rẹ̀ lásán.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè?

Ẹ da mìlílítà 100 omi tó wà ní 38 °C sínú ife gíláàsì. Ẹ fi ṣíbí tíì 1 ṣúgà sí i, kí ẹ rò ó. Ẹ wọ́n ṣíbí tíì 1 yíìsì sórí rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ wá rò ó pọ̀, kí ẹ sì fi kálámù fa ìlà sára ife níbi tí omi dé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ó yẹ kí ìfóòfó nípọn lórí rẹ̀ tó ìbú ìka kan ó kéré tán, kó sì máa rùn bí ẹmu tuntun. Tí ìfóòfó bá tín-ín-rín, tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú 20 ló tó yọ, apá kan nínú rẹ̀ ti kú: ẹ lè lò ó tí ẹ bá fi ìlọ́po kan àbọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ti oníbàárà. Tí kò bá sí nǹkan kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ dà á nù.

Ẹni tí kò ní tẹmọ́mítà lè fi ife wọn ooru omi. Ife 1 omi tó ń hó, pẹ̀lú ife 6 omi tó wà nínú ilé wa lásán (nǹkan bíi 28 °C), á fún yín ní omi tó súnmọ́ 38 °C. Ẹni tó wà ní London ní ìgbà òtútù, tí omi ẹ̀rọ rẹ̀ tutù dé 10 °C, ife 1 omi tó ń hó sí ife 2 omi ẹ̀rọ ni tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ da omi méjèèjì pọ̀ kí yíìsì tó débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń da yíìsì sínú omi gbígbóná, tí wọ́n ń retí pé omi tútù tó ń bọ̀ lẹ́yìn á gbà á là.

Búrẹ́dì aládùn ti kílò 1 fúláwà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Fúláwà búrẹ́dì kílò 1. Ṣúgà gíráàmù 120. Iyọ̀ gíráàmù 15. Mílíìkì gbígbẹ gíráàmù 30. Bọ́tà gíráàmù 60. Yíìsì instant gíráàmù 10. Omi mìlílítà 520. Á fún yín ní búrẹ́dì mẹ́ta tí ìyẹ̀fun ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi gíráàmù 580 kí ó tó wọ ófùnù. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ife fúláwà kan, tí ọwọ́ méjì bá bù ú, lè fi gíráàmù 30 yàtọ̀ síra.

1. Ẹ po fúláwà, ṣúgà, mílíìkì àti yíìsì pọ̀ ní gbígbẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí iyọ̀ tó wọlé. Kì í ṣe pé iyọ̀ kan yíìsì lẹ́ẹ̀kan ni yíìsì á kú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá kó wọn jọ sójú kan tí omi díẹ̀ wá kàn wọ́n, iyọ̀ á fa omi jáde lára rẹ̀, bó ṣe ń ṣe ìgbín.

2. Ẹ ṣírò ooru omi. Ohun tí à ń wá ni kí ìyẹ̀fun wà ní 27 °C nígbà tí a bá pò ó tán. Ẹ sọ 27 di ìlọ́po mẹ́ta, ó di 81. Ẹ yọ ooru fúláwà kúrò, ẹ yọ ooru inú yàrá kúrò, ẹ sì yọ ooru tí pípò fúnra rẹ̀ ń mú wá: nǹkan bíi 3 fún ọwọ́, 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹ̀rọ. Lọ́sàn-án gangan ní Ìbàdàn, fúláwà lè wà ní 30, yàrá ní 31. Ẹni tó ń fi ọwọ́ pò ó nílò omi 17 °C. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ pò ó nílò omi 12 °C. Èyí ni pé omi fíríìjì tàbí omi yìnyín ló yẹ wá lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, kì í ṣe omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí ìwé ìdáná àwọn ará ìlú òtútù ń sọ. Bí yíìsì bá ti pò mọ́ fúláwà gbígbẹ tẹ́lẹ̀, omi tútù yìí kò ní pa á lára. Ohun tó ń ṣe é léṣe ni kí ẹ da òun nìkan sínú omi yìnyín.

3. Ẹ da omi sí i, ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú 5, kí bọ́tà tó wọlé. Bọ́tà tó bá tètè wọlé ń bo fúláwà lára, omi kì í sì í ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ tún pò ó fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ já díẹ̀, ẹ rọra fà á láàárín ìka: tí ó bá tẹ́ tín-ín-rín débi pé ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá kó tó ya, ó ti tó. Ìpele yìí kò ṣeé gbójú fò, nítorí yíìsì lè tú afẹ́fẹ́ tó kún agbọ̀n jáde. Tí ìyẹ̀fun kò bá lágbára láti há a mọ́, òfo ni.

4. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa inú abọ́, ẹ kó ìyẹ̀fun sí i, ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó. Ní 28 sí 30 °C, ìṣẹ́jú 50 sí 70 ló máa gbà á kó tó di ìlọ́po méjì. Ìyẹ̀fun ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe aago. Ẹ ti ìka tí ẹ fi fúláwà pa bọ̀ ọ́ láàárín: tí ihò náà bá dúró síbẹ̀, ó ti tó, tí ó bá dí padà kíá, ẹ dúró díẹ̀ sí i.

5. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ pín in sí mẹ́ta, ẹ ká wọn pinpin, ẹ kó wọn sínú agolo tí ẹ ti fi bọ́tà pa. Títẹ̀ yẹn ń gbé yíìsì kúrò níbi tó ti jẹ oúnjẹ tán lọ síbi tí oúnjẹ tuntun wà. Ẹ jẹ́ kó tún wú fún ìṣẹ́jú 45 sí 60. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́: ó gbọ́dọ̀ rọra padà, kó sì ku àmì díẹ̀. Tí kò bá padà rárá, ẹ ti pẹ́ jù.

6. Ẹ yan án ní 180 sí 190 °C fún ìṣẹ́jú 30 sí 35. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, yíìsì á sáré ìkẹyìn rẹ̀ kó tó kú, afẹ́fẹ́ inú búrẹ́dì á fẹ̀, búrẹ́dì á sì ga sí i. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé 93 °C ó kéré tán. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú agolo lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má baà rin.

Ẹ wo iye ṣúgà yẹn dáadáa. Gíráàmù 50 fún kílò 1 fúláwà kò ní dí yíìsì lọ́wọ́. Tí ó bá ti kọjá 100, ṣúgà ti ń ṣe bí iyọ̀: ó ń fa omi mọ́ yíìsì lọ́wọ́, iṣẹ́ sì ń falẹ̀. Ní 150 sí 200, yíìsì aládùn ni kí ẹ lò, gíráàmù 12 sí 15, kí ẹ sì fi ìlọ́po méjì àkókò sí i. Iyọ̀ ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 20 lọ fún kílò 1. Ẹ má sì yọ iyọ̀ kúrò pátápátá torí kí ó lè tètè wú. Ìyẹ̀fun tí kò ní iyọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ń sáré wú, ó sì ń sáré rì.

Pọ́fù-pọ́fù ń lo ọ̀nà kan náà ní kúkúrú. Fúláwà gíráàmù 500, ṣúgà 100, iyọ̀ 3, yíìsì 7, omi nǹkan bíi mìlílítà 420. Ẹ fi ọwọ́ lù ú fún ìṣẹ́jú 5, ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 45. Èyí tó ń mu òróró bí kànrìnkàn, ohun méjì ló sábà ń fà á: ó ti wú kọjá ààlà, tàbí òróró kò tíì dé 175 °C. Ẹni tó ń din fún títà, tí abọ́ ńlá kan á gbà á ní wákàtí kan kó tó tán, kó pín in sí méjì kó sì gbé ìdajì sínú fíríìjì.

Bí a ṣe ń mú yíìsì díẹ̀ bímọ di púpọ̀

Èyí ni ọ̀nà tí a fẹ́ràn jù, nítorí ó ń dín owó kù, búrẹ́dì rẹ̀ sì ń ní adùn tí ti kíákíá kì í ní. Ní alẹ́, ẹ po gíráàmù 200 nínú kílò 1 fúláwà náà pọ̀ mọ́ mìlílítà 200 omi tútù àti yíìsì tí ìka méjì lè fún mú, kó má ju gíráàmù 0.2 lọ. Ẹ bò ó. Ní yàrá tó wà ní 28 °C, á tó nǹkan bíi wákàtí 7 sí 8. Níbi tó tutù sí 21 °C, wákàtí 12 sí 14. Ó ti tó nígbà tí ojú rẹ̀ bá kún fún ìfóòfó, tí àárín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa rì. Ní àárọ̀, ẹ dà á mọ́ ìyókù fúláwà, omi àti èròjà tó kù. Gíráàmù 5 yíìsì ló tún kù láti fi sí i dípò 10.

Ẹni tó bá ń yan búrẹ́dì lójoojúmọ́ lè ṣe é rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: kó gé gíráàmù 200 ìyẹ̀fun pípò tòní pamọ́ sínú fíríìjì, kó pò ó mọ́ tọ̀la. Kó má jẹ́ kó ju ọjọ́ 3 lọ.

Ṣé a lè rí yíìsì láìrà á?

A lè rí i. Ó wà lára ọkà, lára èso, lára agbè adẹ́mu. Ẹmu ọ̀pẹ àti ọ̀gùrọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni da yíìsì sí wọn. Láàárín wákàtí díẹ̀ tí omi aládùn náà bá ti kán sínú agbè, ó ti ń hó. Kí yíìsì inú páálí tó kárí ọjà, ẹmu làwọn kan fi ń wú ìyẹ̀fun, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí. Ẹ gba ẹmu àárọ̀ tó ń hó, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ rọ́pò omi nínú ìlànà òkè yìí, kí ẹ sì dín ṣúgà kù sí gíráàmù 80. Wíwú àkọ́kọ́ lè gbà tó wákàtí 4 sí 8, nítorí agbè kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹmu àná kò dára fún un: bakitéríà ti ń sọ ọtí rẹ̀ di kíkan, kíkan náà á sì mú ìyẹ̀fun rọ̀ jù. Ẹmu tí wọ́n ti bu omi lé náà kò ní lágbára. Èyí tí wọ́n dì sínú ìgò tí wọ́n sì ti sè, yíìsì inú rẹ̀ ti kú.

Omi orí ògì ńkọ́? Yíìsì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bakitéríà tó ń mú ògì kan ló pọ̀ jù lọ. Á mú ìyẹ̀fun kan dáadáa, kò ní mú un wú bó ṣe yẹ.

Láti fi fúláwà àti omi nìkan tọ́ ọ, ẹ wá fúláwà àlìkámà tí wọn kò bó èèpo rẹ̀. Ẹ po gíráàmù 50 rẹ̀ mọ́ gíráàmù 50 omi tí kò ní òórùn kẹ́míkà, nínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀, ẹ bò ó láìdé e pa. Lójoojúmọ́, ẹ bu gíráàmù 50 nínú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ da ìyókù nù, kí ẹ fi gíráàmù 50 fúláwà àti 50 omi kún un. Ní ọjọ́ kejì, ó lè wú gan-an, kó sì máa rùn burúkú. Ẹ má yọ̀. Bakitéríà ni, kì í ṣe yíìsì. Ní ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, á dákẹ́ bí ẹni pé ó ti kú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dà á nù. Ẹ máa bá a lọ. Kíkan tó ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀ ló ń lé àwọn bakitéríà àkọ́kọ́ yẹn, yíìsì tó lè fara da kíkan á sì gba ilé. Nínú ooru tiwa, láti ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹjọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í wú di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí 4 sí 6 lẹ́yìn tó bá jẹun. Tí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta léra, ẹ lè fi gíráàmù 200 rẹ̀ wú kílò 1 fúláwà. Tí ebi bá ń tètè pa á, ẹ bu gíráàmù 20 sílẹ̀, kí ẹ fún un ní 60 fúláwà àti 60 omi. Tí ẹ bá rí àwọ̀ pupa tàbí ọsàn lórí rẹ̀, tàbí irun funfun tàbí dúdú bí ti búrẹ́dì tó bu, ẹ dà á nù pẹ̀lú gbogbo inú ìgò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tó fà á

Tí ìyẹ̀fun kò bá wú rárá lẹ́yìn wákàtí 2, ẹ fi ọwọ́ kàn án. Tó bá tutù, ẹ gbé e síbi tó móoru kí ẹ sì dúró. Tí kò bá tutù, ẹ dán yíìsì yẹn wò nínú ife. Bó bá ti kú, ẹ po gíráàmù 8 tuntun mọ́ ṣíbí omi 3, kí ẹ pò ó mọ́ ìyẹ̀fun náà. Fúláwà yín kò tíì ṣòfò.

Tí búrẹ́dì bá ga lẹ́wà kó tó wọ ófùnù, tó wá rì níbẹ̀, ó ti wú jù. Ẹ tún ìyẹ̀fun ká, kí ẹ jẹ́ kó wú ní ìgbà kẹta, bó bá ṣe pé ẹ rí i kí ẹ tó gbé e wọ iná. Ihò ńlá kan lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀: ẹ kò tẹ afẹ́fẹ́ jáde tó nígbà tí ẹ ń ká a. Tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ya nínú ófùnù, kò tíì wú tó. Tí inú rẹ̀ bá ń fà bí okùn, tó ń rùn bí èso jíjẹrà ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, yíìsì kọ́ ló jẹ̀bi; bakitéríà kan tí ooru ófùnù kò pa ni. Ẹ da búrẹ́dì náà nù, ẹ fi omi ọtí kíkan fọ tábìlì àti agolo, kí ẹ sì máa jẹ́ kí búrẹ́dì tutù tán kí ẹ tó dì í sínú náílọ́ọ̀nù.

Wọ́n tún máa ń béèrè bóyá yíìsì búrẹ́dì ló ń fa àrùn tí wọ́n ń pè ní yeast infection. Candida albicans ló sábà ń fa ìyẹn, ẹ̀yà mìíràn ni. Ti inú búrẹ́dì sì ti kú nínú ófùnù.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Páálí tí wọn kò tíì ṣí lè lò tó ọdún 2 níbi tó gbẹ tí oòrùn kò dé. Láti ìgbà tí ẹ bá ti ṣí i, afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin àti ooru ló ń pa á. Ẹ dà á sínú agolo tàbí ìgò tó dé pinpin lójú ẹsẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára rẹ̀, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì fún oṣù 3 sí 4, tàbí sínú fírísà fún oṣù 6. Èyí tí wọ́n wọ̀n sínú náílọ́ọ̀nù kéékèèké lọ́jà, ẹ má rà á àfi tí ẹ bá rí i pé ojú yín ni wọ́n ṣe ṣí páálí rẹ̀.

Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má bẹ̀rù. Yíìsì gbígbẹ kò dà bí ẹran. Kì í bàjẹ́ nítorí pé fírísà tutù tó tún móoru. Omi tó ń sẹ̀ sára agolo ni ẹ máa ṣọ́. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ bu èyí tí ẹ fẹ́ lò pẹ̀lú ṣíbí gbígbẹ, ẹ dé e padà kíákíá, ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí lórí tábìlì títí ẹ ó fi pò tán. Tí iná bá ti lọ fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ fi agolo náà sílẹ̀ ní dídé, kí ẹ sì fi ṣíbí tíì 1 dán an wò nínú ife kí ẹ tó fi pò kílò mẹ́wàá.